Láti Ìkòròdú dé orí òkè Colorado: bí a ṣe ń wa ọkọ̀ gba Trail Ridge Road

Ẹni tó bá dúró ní èbúté Ìpakòdò ní Ìkòròdú, díẹ̀ báyìí ló fi ga ju omi ọ̀sà lọ. Òkè tó ga jù ní gbogbo Nàìjíríà, Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Tàràbà, ga tó 2,419 mítà. Ọ̀nà ọlọ́dà kan wà ní Colorado, ní Amẹ́ríkà, tó gun òkè dé 3,713 mítà. Trail Ridge Road ni orúkọ rẹ̀, inú ọgbà ìjọba tí wọ́n ń pè ní Rocky Mountain National Park ló sì gbà kọjá. Ìyẹn ni pé Corolla lásán lè gbé yín dé ibi tó ga ju ibikíbi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ nílé wa.

Ẹ̀yin tí ọmọ tàbí àbúrò yín wà ní Denver tàbí Aurora, tí ẹ ń múra láti lọ kí wọn nígbà tí oòrùn bá mú lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀yin la kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ láti Mile 12 dé Ṣágámù lójoojúmọ́, tó mọ bí a ṣe ń yà fún kòtò, tó mọ bí tírélà ṣe ń fẹ̀gbẹ́ ti èèyàn, kò ní ìṣòro ọwọ́. Gíga ni kò mọ̀. Gíga máa ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, ó máa ń gba èémí lọ́wọ́ èèyàn, tó bá sì di àtisọ̀kalẹ̀, bíréèkì ló ń jẹ. Orí nǹkan mẹ́ta yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lé.

Bí ọ̀nà náà ṣe rí

Ara títì ńlá tí wọ́n ń pè ní US 34 ni. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlú Estes Park níhà ìlà-oòrùn, ó sì parí sí ìlú Grand Lake níhà ìwọ̀-oòrùn. 48 máìlì, ìyẹn kìlómítà 77, ló wà láàárín wọn. Ọdún 1932 ni wọ́n ṣí i fún ọkọ̀. Kò sí ibi tó ga ju 7 nínú 100 lọ: tí ẹ bá rin 100 mítà, ẹ kò ní fi ju mítà méje gòkè. Kò le lójú, ṣùgbọ́n kì í tán bọ̀rọ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà rẹ̀ wà.

Máìlì 11 nínú rẹ̀ ló wà lókè ibi tí igi ti ń dáwọ́ híhù dúró. Ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní tundra. Òtútù àti afẹ́fẹ́ kò jẹ́ kí igi hù níbẹ̀, koríko kúkúrú àti òdòdó tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ ló tẹ́ lọ bí ẹní. Apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń wa ọkọ̀ bíi tiwa, nítorí láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni àwa náà ti kúrò lápá òsì, ojú yín kò ní dàrú. Eré tí òfin gbà ni 35, ṣùgbọ́n máìlì ni wọ́n ń kà: 35 tiwọn jẹ́ 56 tiwa. Ní àwọn kọ́nà tó lọ́ gan-an, àmì ojú títì á ní kí ẹ dín in kù sí i. Wákàtí méjì lèèyàn lè fi já a láìdúró. Ẹ fún un ní wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Jínótáìpù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ìwé ìrìn-àjò tí àwọn òyìnbó ń kọ kì í sábà mẹ́nu kan án, nítorí kì í ṣe ìṣòro tiwọn, ṣùgbọ́n tiwa ni. Ẹni tó bá jẹ́ SS tàbí SC kò gbọ́dọ̀ gun òkè yìí láìjẹ́ pé dókítà tó mọ ara rẹ̀ fọwọ́ sí i, nítorí afẹ́fẹ́ ọ́ksíjìn tó dín kù ló máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ wọn tẹ̀ bí dòjé, kí àìsàn sì dìde. Ọ̀pọ̀ AS ló ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láìsí nǹkan kan. Síbẹ̀, ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn AS kan lórí òkè gíga pé ẹ̀jẹ̀ dí lọ sí spleen wọn, ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ ìhà òsì. Tí AS bá bẹ̀rẹ̀ sí ní ìrora gógó lábẹ́ egungun ìhà òsì lókè yẹn, ẹ má sọ pé inú ló ń run ún. Ẹ yí ọkọ̀ padà sísàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ fún dókítà pé AS ni. Kò dájú pé yóò wá sí i lọ́kàn fúnra rẹ̀.

Màmá tó wá tọ́jú ìkókó, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tàbí tí ọkàn rẹ̀ kò le dáadáa, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó kúrò nílé. Ìkókó náà ńkọ́? Kò sí ohun tó fẹ́ lọ rí lókè. Ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan ní Denver.

Ohun kejì ni pé kí ẹ fi ọwọ́ kọ́ sísọ̀kalẹ̀ òkè kí ẹ tó lọ. Ìkòròdú kò ní òkè tí yóò kọ́ yín. Ẹ gba Ṣágámù bọ́ sí ọ̀nà Ìbàdàn, kí ẹ gba Ifẹ̀ àti Iléṣà dé Ìwàràjà, kí ẹ wá yà sí ọ̀nà Ẹ̀rìnmọ̀ tó lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Ọ̀nà yẹn ní òkè, ó ní kọ́nà. Ẹ gùn ún, kí ẹ sì sọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta pẹ̀lú jíà kékeré, títí ẹsẹ̀ yín yóò fi mọ bí ọkọ̀ ṣe ń di ara rẹ̀ mú láìjẹ́ pé ẹ tẹ bíréèkì. Ọjọ́ kan péré ni, ó sì ju gbogbo ìwé kíkà lọ.

Láísẹ́nsì tí kò tíì kú àti páàsìpọọ̀tù kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí yín. Ilé-iṣẹ́ ìháyà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ìgbà wo, àti bí a ṣe ń wọlé

Láti bí ìparí oṣù karùn-ún títí dé bí àárín oṣù kẹwàá ni ọ̀nà yìí máa ń ṣí. Láàárín ìgbà tó kù, yìnyín ló ni í. Ẹ ó rí àwọn ọ̀pá gíga tí wọ́n rì mọ́ etí títì ní òkè pátápátá. Wọn kì í ṣe ọ̀pá iná. Wọ́n rì wọ́n kí ẹni tó ń fi katakata kó yìnyín lè mọ ibi tí títì pin sí nígbà tí ohun gbogbo bá funfun. Kódà ní oṣù keje, yìnyín lè já, kí wọ́n sì ti ọ̀nà fún wákàtí díẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ wo nps.gov tàbí kí ẹ pe 970-586-1222, wọ́n ti gba ohùn sílẹ̀ níbẹ̀ tó ń sọ bóyá ọ̀nà ṣí tàbí kò ṣí.

Ẹ ó sanwó lẹ́nu géètì. Iye rẹ̀ ń yí padà, àlejò òkè òkun sì lè san ju onílé lọ, torí náà ojú ewé yẹn kan náà ni kí ẹ wò. Yàtọ̀ sí owó ìwọlé, láti ọdún mélòó kan ni wọ́n ti ń ní kí èèyàn gba àkókò sílẹ̀ lórí recreation.gov nígbà tí èrò bá pọ̀. Ní 2025, ẹni tó bá fẹ́ wọlé láàárín aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ló nílò rẹ̀ fún apá ọgbà tí ọ̀nà yìí wà. Ẹni tó bá ti wọlé ṣáájú mẹ́sàn-án kò nílò rẹ̀. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ ti kọjá géètì ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Kì í ṣe nítorí ìwé yẹn nìkan. Nítorí àrá ni, a óò dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ara kọ́kọ́ gun òkè

Ibi tí ọ̀pọ̀ àlejò ti ń ṣe àṣìṣe nìyí. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfúrufú ní Denver lálẹ́ Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀ wọ́n ti wà ní 3,700 mítà, wọ́n ń bì. Afẹ́fẹ́ ọ́ksíjìn tó wà nínú mímí kan lókè yẹn kò pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ti Ìkòròdú. Ara lè kọ́ ọ, àmọ́ ó fẹ́ ọjọ́ díẹ̀.

Denver fúnra rẹ̀ wà ní 1,609 mítà. Ẹ sun ibẹ̀ ní òru méjì ó kéré tán. Estes Park wà ní 2,293 mítà. Ẹ sun ibẹ̀ ní òru kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gun òkè. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, ẹ mu omi lọ́pọ̀lọ́pọ̀, kò gbọ́dọ̀ sí ọtí, kò sì gbọ́dọ̀ sí oògùn oorun. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ bíi ti ọyẹ́, omi ń lọ lára láìjẹ́ pé èèyàn làágùn. Ẹ ka lítà mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ òkè.

Bí orí bá ń fọ́ yín díẹ̀ lókè, ẹ jókòó, ẹ mu omi, ẹ má gòkè sí i. Bí ó bá fi òòyì àti èébì kún un, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bára mu mọ́, tàbí tó ń wúkọ́ tí èémí rẹ̀ kò balẹ̀ bó tilẹ̀ jókòó, ti kúrò ní ẹni à ń fún ní Panadol. Ìsàlẹ̀ ni oògùn rẹ̀, kíákíá, 911 sì ni nọ́ńbà tí ẹ ó pè níbikíbi tí fóònù bá ti mú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò pọ̀ nínú ọgbà náà, nítorí náà ẹ ti gba máàpù sórí fóònù kí ẹ tó jáde. Bí òòyì bá wá kọ lu awakọ̀ fúnra rẹ̀, kó ya sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹlòmíì gbà á. Kò sí àjàgbà nínú èyí.

Etí á máa dí. Ẹ gbé itọ́ mì, tàbí kí ẹ jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Tí ẹ bá gbé ìpékeré inú ọ̀rá dání, ẹ fi sí ibi tí àwọn ọmọ lè rí i: bí ẹ ṣe ń gòkè ni ọ̀rá náà ń wú, tó bá fi máa dé òkè, ó ti le bíi bọ́ọ̀lù. Afẹ́fẹ́ ibi tí wọ́n ti dì í ló wà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ìta kò sì le tó láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ mọ́. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú etí yín.

Ọkọ̀ àti epo

Kò sí ilé epo kankan nínú ọgbà náà. Ẹ kun táǹkì ní Estes Park. Ní Colorado, epo tó pọ́ọ́kú jù ní ilé epo sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n kọ 85 sí. Octane ni wọ́n ń pe nọ́ńbà yẹn, ó ń sọ bí epo ṣe lè fara da ìtẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì kó tó jó. Ìwé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní sọ pé 87 ni kó kéré jù, nítorí náà ọwọ́ 87 ni kí ẹ tẹ̀. 85 ti wà láti ayé ọkọ̀ kabúrétọ̀. Ọkọ̀ tó ń fi kọ̀ǹpútà pín epo kò nílò ẹ̀dínwó yẹn.

Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò máa ń pàdánù bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ fún gbogbo 1,000 ẹsẹ̀ bàtà tó bá gùn. Ní 12,183 ẹsẹ̀ bàtà, ìdá kan nínú mẹ́ta ti lọ. Ẹ ó tẹ iná, ọkọ̀ á máa ké, kò ní sáré. Kò bàjẹ́, afẹ́fẹ́ ni kò rí mí. Ẹ má gbìyànjú láti kọjá ọkọ̀ iwájú. Agbára tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé nílé kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá ju mẹ́rin lọ tí ẹrù sì wà, ẹ háyà ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi díẹ̀.

Ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà ní Estes Park láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn. Iye tó yẹ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sára táyà. Tí abẹ́rẹ́ ooru ẹ́ńjìnnì bá ń gòkè, ẹ pa éésì, ẹ tan híítà sí gbígbóná jù kó lè fa ooru kúrò, kí ẹ ya sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má ṣí ìdérí ràdíétọ̀ nígbà tó gbóná. Omi ń hó ní bí 88°C péré lókè yẹn, torí náà tí ẹ bá ṣí i, kíá ni yóò tú jáde.

Ní ti aṣọ, òkè máa ń tutù ju Estes Park lọ ní bíi 11 sí 17°C, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ń gún. Swẹ́tà, jákẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, fìlà, ìbọ̀wọ́. Oòrùn ibẹ̀ náà ń jó: ẹ fi ìpara tó ń dí oòrùn pa ojú, ètè àti etí. Òrí dára fún ara gbígbẹ, ṣùgbọ́n kò tó láti dí oòrùn yẹn. Ẹ gbé oúnjẹ tí kò nílò sísè: mọ́ínmọ́ín, búrẹ́dì, ẹ̀pà, tíì nínú fúláàsìkì.

Gbígba inú ọ̀gbun kọjá

Láti ìlú Loveland, US 34 gba inú Big Thompson Canyon kọjá dé Estes Park. Ògiri àpáta wà lọ́tùn-ún lósì, odò sì ń bá títì rìn. Ó lẹ́wà gan-an, ó sì ti pa èèyàn. Ní alẹ́ 31 oṣù keje 1976, òjò ńlá rọ̀ sórí òkè, omi ya gba inú ọ̀gbun náà, èèyàn tó lé ní 140 ló kú. Ní 2013, ìkún omi tún fọ́ ọ̀nà náà.

Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí pátákó tó ní kí ẹ gun òkè tí omi bá dé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní ìtumọ̀ méjì. Tí òjò líle bá ń rọ̀ lókè odò, tí omi bá yí padà di pupa tó ń gbé igi, ẹ má fi ọkọ̀ bá a sáré. Omi ń sáré ju yín lọ nínú kọ́nà. Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ fi ẹsẹ̀ gun ẹ̀gbẹ́ àpáta. Ojú wa nílé ti mọ́ omi tó ń ga díẹ̀díẹ̀, tí èèyàn fi lè ká ṣòkòtò sókè kó sì la á kọjá. Èyí kì í ṣe irú ẹ̀.

Gígùn

Ẹ fi jíà sí 3 tàbí S, kí ọkọ̀ má bàa máa wá jíà kiri láàárín kọ́nà. Ẹ dúró ní àárín ọ̀wọ́ tiyín. Ọ̀pọ̀ ibi ni kò ní irin ìdènà létí títì, ọ̀gbun sì wà níbẹ̀. Ẹ̀rù yóò fẹ́ mú kí ọwọ́ yín fa ọkọ̀ sí ìlà àárín. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, nítorí ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń sùn nínú rẹ̀ ń bọ̀ láti kọ́nà iwájú. Ibi tí ẹ fẹ́ lọ ni kí ojú yín wà, kì í ṣe etí títì. Ẹni tó fẹ́ wo nǹkan, kó dúró.

Níbi ìyàsẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan ni kí ẹ ti dúró, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì kúrò lójú títì. Bí ọkọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá ti tò sẹ́yìn yín, ẹ yà kí wọ́n kọjá. Họ́ọ̀nù tí a ń tẹ̀ fún ìkìlọ̀ nílé, ìbínú ni wọ́n ń kà á sí níbẹ̀. Ẹ kó ara yín ní ìjánu. Tí ẹ bá rí elk, ẹran ńlá oníwo bí ẹ̀ka igi, ẹ fi 23 mítà sí àárín. Moose, ẹran tó jọ elk àmọ́ tó tóbi jù ú lọ, àti béárì, 36 mítà.

Many Parks Curve ni ibi àkọ́kọ́ tó yẹ ní dídúró. Rainbow Curve tẹ̀ lé e, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ lò ó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni igi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, tí yóò sì lọ́. Àwọn kan ní ẹ̀ka lápá kan ṣoṣo, nítorí afẹ́fẹ́ ti bó apá kejì. Lójijì, kò ní sí igi mọ́.

Ní Forest Canyon Overlook, ẹ bọ́ sílẹ̀, kí ẹ rọra rìn. Ọ̀gbun tó wà nísàlẹ̀ yín jìn ju 600 mítà lọ. Odò Big Thompson tí ẹ bá rìn nígbà tí ẹ ń bọ̀ ní Estes Park ló wà nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n yìnyín ayé àtijọ́ tó ń rọra wọ́ ló gbẹ́ ẹ fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ó rí i pé ìṣísẹ̀ ogún ti tó láti mú yín mí hẹlẹ.

Ní Rock Cut, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kékeré wà tó wọ inú tundra. Ẹ má tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo ilẹ̀ dáadáa: ohun tó jọ èéhù lókèèrè, òdòdó ni, tí wọ́n so mọ́ra wọn bíi tìmùtìmù kí ooru má bàa jáde láàárín wọn, òmíì kò tóbi ju bọ́tìnì àwọ̀tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni wọ́n ní láti hù, kí wọ́n tàn, kí wọ́n so, kí òtútù tó padà. Ibi tí bàtà bá tẹ̀ pa lè máà san fún ọ̀pọ̀ ọdún, kódà ó lè pẹ́ ju ayé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lọ. Fótò kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ ba ilẹ̀ yẹn jẹ́.

Àrá

Láàárín oṣù keje sí ìkẹjọ, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọ̀sán ni ìkùukùu ń kó jọ sórí òkè. Àárọ̀ á mọ́ kedere, nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, àrá ti ń sán. Lórí tundra, kò sí igi, kò sí ilé. Ẹ̀yin lẹ ga jù. Ní oṣù keje 2014, àrá pa èèyàn méjì lójú ọ̀nà yìí láàárín ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra. Nítorí náà, ẹ ti parí gbogbo ìrìn ẹsẹ̀ lókè kó tó di aago méjìlá. Bí ẹ bá ti gbọ́ àrá, bó ti wù kó jìnnà tó, ẹ wọ ọkọ̀, ẹ ti fèrèsé, ẹ má fọwọ́ kan irin. Ara ọkọ̀ tó jẹ́ irin ló ń gba iná yẹn kọjá lọ sílẹ̀. Kì í ṣe táyà ló ń gba èèyàn là. Lábẹ́ igi kan ṣoṣo tàbí lẹ́bàá àpáta kì í ṣe ibi ààbò.

Alpine Visitor Center, ní nǹkan bí 3,595 mítà, ni ilé tí ẹ lè wọ̀ sí tí ojú ọjọ́ bá burú.

Sísọ̀kalẹ̀, níbi tí bíréèkì ti ń kú

Ẹ ka apá yìí lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, eré ọkọ̀ ló ń di ooru lára páàdì àti dísìkì. Lórí ilẹ̀ tẹ́jú bíi tiwa, afẹ́fẹ́ á ti fẹ́ ẹ tutù kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Ní òkè tó ń sọ̀ fún ọ̀pọ̀ máìlì, kò ní ìsinmi. Páàdì á gbóná títí tí kò fi ní mú mọ́. Tí ooru bá dé ọ́ìlì bíréèkì, á hó, èéfín rẹ̀ á dúró sínú páìpù; ẹsẹ̀ yín á tẹ èéfín dípò ọ́ìlì, pẹ́dà á sì lọ sílẹ̀ pátápátá. Ọ́ìlì DOT 3 tuntun kò gbọ́dọ̀ hó kó tó dé 205°C. Èyí tó ti pẹ́, tó ti mu omi nínú afẹ́fẹ́, lè hó ní 140°C. Ẹni tó ń gbé létí ọ̀sà, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tutù nígbà gbogbo, kó máa pààrọ̀ tirẹ̀ lọ́dún méjì-méjì nílé pàápàá.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti gbé eré, ẹ mú jíà kúrò ní D lọ sí 3, tó bá ṣì ń sáré, ẹ mú un lọ sí 2. Èyí tó ní M tàbí S, ẹ tẹ àmì àyọkúrò títí yóò fi dúró. Haíbíríìdì, B ni. Èyí tó jẹ́ mánúwà, jíà tí ẹ bá fi máa gun òkè náà ni kí ẹ fi sọ̀ ọ́. Ẹ́ńjìnnì á ké, abẹ́rẹ́ RPM á lọ sí 3,000 tàbí 4,000. Ẹ jẹ́ kó ké. Kò tíì dé ibi ìlà pupa, kò sì jó epo kan lé tẹ́lẹ̀, nítorí ọkọ̀ òde òní máa ń gé epo nígbà tí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí tòtù.

Ẹ jẹ́ kó rìn títí yóò fi dé 35. Ẹ wá tẹ bíréèkì le díẹ̀ títí yóò fi bọ́ sí 25, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá. Bó bá tún gun 35, ẹ tún ṣe é. Èyí tó ń pa bíréèkì ni kí ẹsẹ̀ máa fara lé e wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ dín eré kù kí ẹ tó wọ kọ́nà, kì í ṣe nínú rẹ̀. Ẹ má sì kó jíà sí fìríì láéláé. Àṣà pé fìríì ń dá epo sí ti wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Lórí òkè yìí, ó túmọ̀ sí pé bíréèkì nìkan ló di ọkọ̀ mú.

Òórùn ló kọ́kọ́ ń sọ fún èèyàn. Ó jọ ìgbà tí áyọ́ọ̀nù bá jó aṣọ mọ́ tábìlì. Tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ yà sí ibi ìyàsẹ́gbẹ̀ẹ́ tó kàn, kí ẹ dúró ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ na ọwọ́ sún mọ́ ríìmù láìfọwọ́ kàn án. Ẹ ó mọ ooru rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má bu omi lé e, dísìkì tó gbóná bẹ́ẹ̀ á lọ́ tàbí kó sán. Tí pẹ́dà bá wá rọ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń rìn: ẹ máa tẹ̀ ẹ́ léraléra kíákíá, ẹ tún fa jíà sílẹ̀ sí i, ẹ fa háńdì-bíréèkì díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ̀yìn ọkọ̀ má bàa yọ̀. Tí kò bá dúró, ẹ̀gbẹ́ ògiri òkè ni kí ẹ fi ọkọ̀ ha, ẹ má jẹ́ kó dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀gbun.

Ìhà kejì

Ní Milner Pass, ní bí 3,279 mítà, omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà pín. Èyí tó bá sàn sí apá kan ń lọ sí òkun Atlantic, èyí tó sàn sí apá kejì ń lọ sí Pacific. Lẹ́yìn Farview Curve, kọ́nà á lọ́ gan-an títí dé àfonífojì Kawuneeche. Odò tóóró tí ẹ ó rí níbẹ̀, Colorado River ni, èyí tó gbẹ́ Grand Canyon. Iná ńlá kan jó apá yìí ní oṣù kẹwàá 2020. Àwọn igi tó kú ṣì dúró, afẹ́fẹ́ sì lè bì wọ́n, ẹ má páàkì sábẹ́ wọn.

Ẹ lè rí Old Fall River Road nínú máàpù, ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ tó ń gòkè nìkan, tí eré rẹ̀ kò ju máìlì 15 lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́. Ó ga tó 16 nínú 100 níbòmíì, ọ̀pọ̀ ìwé ìháyà kò sì gba ọ̀nà tí kò lọ́dà.

Tí ẹ bá ti dé Grand Lake, ọ̀nà méjì ló wà láti padà: ẹ lè gba òkè náà padà, tí aago kò bá tíì kọjá mọ́kànlá tí ojú ọ̀run sì mọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kun epo ní Granby, kí ẹ gba US 40 lọ sí Denver. Ọ̀nà yẹn náà gun Berthoud Pass, 3,446 mítà, kọ́nà rẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́ ju bí awakọ̀ tó ti rẹ̀ ṣe rò lọ. Ẹ ti sọ̀ ọ́ tán kí ilẹ̀ tó ṣú, pẹ̀lú jíà 2.